Orí Kẹfà: Òkété Tí Kò Lọ́mọ

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ètò ìtọ́jú àgbà nílẹ̀ Yorùbá ti pé sínú gbólóhùn yẹn. Ọmọ ló ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ balùwẹ̀ fún bàbá, ọmọ ló ń rán ìyá létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó wà lókè òkun ń fowó ránṣẹ́ sí èyí tó wà nílé. Òwe náà kò sọ ohun tí òkété tí kò bímọ yóò mu, kò sì sọ ti èyí tó bímọ tí ọmọ náà kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún wá.

Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe ọmọ fún irú òkété bẹ́ẹ̀. Oríṣi ilé yìí kò lóǹkà. Òmíràn dà bíi fúláàtì lásán: àgbà ń dá gbé nínú yàrá rẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ fún un, wọ́n ń bá a gbálẹ̀. Òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé kò sì ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde mọ́. Ẹni tó bá ní ẹbí ní London, Manchester, Houston tàbí Maryland mọ̀ pé ọwọ́ Yorùbá pọ̀ lára ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú àgbà, títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n tún tì í, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ti rọ́ lọ jù. Ọ̀rọ̀ orí yìí kan ilé wa.

Àwọn àgbà LGBTQ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí tọkùnrin tobìnrin, àti àwọn tránsì, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé rẹ̀ bí obìnrin, tàbí tí wọ́n bí ní obìnrin tó ń gbé bí ọkùnrin. Òkété tí kò lọ́mọ pọ̀ nínú wọn. Wọn kì í bímọ tó àwọn ojúgbà wọn, ẹni tó ń dá gbé láàárín wọn pọ̀ jù, àrùn AIDS sì ti kó ọ̀rẹ́ àti olólùfẹ́ àwọn ọkùnrin ìran yẹn lọ láàárín ọdún 1981 sí 1996, kí oògùn tó ká a lápá tó dé.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún wọn. Ẹni tó pé ọgọ́rin ọdún ní 2025, 1945 ni wọ́n bí i. Tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí àṣẹ tí wọ́n fi ń lé irú rẹ̀ dànù lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní 1953. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ náà tó yọ ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin kúrò nínú ìwé àrùn ọpọlọ wọn, ní 1973. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ewú ti ń ta lórí, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó fagi lé àwọn òfin ìpínlẹ̀ tó ń pè é ní ọ̀daràn, ní 2003. Ní England, 1967 ni òfin dẹwọ́ lórí àwọn ọkùnrin yìí. Scotland dúró di 1980, Northern Ireland di 1982.

Ẹni tó la ìyẹn kọjá mọ ọgbọ́n ìfarapamọ́ dáadáa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì sínú ilé tí ọ̀kan ti tó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe olólùfẹ́ ogún ọdún ní àbúrò nígbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Ilé ìtọ́jú ni ọgbọ́n yìí ti já. Ẹlòmíràn ló ń ṣí dúróà rẹ, tó ń tẹ́ ibùsùn rẹ, tó ń bọ́ aṣọ lára rẹ, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o bá sọ lójú oorun. Àwọn tí ẹ jọ ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ojúgbà rẹ ni wọ́n. Ayé kan náà tó kọ́ ọ láti fara pamọ́ ló kọ́ wọn láti bú ọ. Ayálégbé tí aládùúgbò ń yọ lẹ́nu lè kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ènìyàn méjì ń gbé dìde lórí ibùsùn, ibo ni yóò kó lọ?

Ní 2011, Karen Fredriksen-Goldsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington gbé ìwádìí kan jáde lórí 2,560 àgbà LGBTQ ní Amẹ́ríkà. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò tíì sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún dókítà wọn rí. Ìdá 13 sọ pé wọ́n ti fi ìtọ́jú dù wọ́n tàbí kí wọ́n fún wọn ní èyí tí kò péye nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ sì rántí pé ẹni tó gbà láti dáhùn ìbéèrè olùwádìí ti ní ìgboyà díẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó fi gbogbo èyí hàn ju iye orí lọ.

Marsha Wetzel àti Judith Kahn gbé pọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì jọ tọ́ ọmọkùnrin kan dàgbà. Nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa Judith, ilé tí wọ́n jọ ń gbé bọ́ mọ́ Marsha lọ́wọ́. Oríkèé ríro kò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló fi ń lọ síwá sẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó kó lọ sí Glen St. Andrew, ilé àwọn àgbàlagbà kan ní Niles, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Kò fara pamọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀ ọkọ tó ti kú àti ọmọ wọn, òun náà sọ ti Judith.

Inú ìwé ẹ̀sùn tó gbé lọ sí kóòtù ni mo ti mú ohun tó tẹ̀lé e. Èébú ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń gbé ilé náà ń bú u, ó ń bú ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fi ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ijó àwọn LGBTQ ní Orlando ní 2016, níbi tí ènìyàn 49 ti kú, yọ̀ lójú rẹ̀. Ó tún fi irin ìtìlẹ́yìn tó fi ń rìn rọ́ lu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ débi pé ó já ṣubú. Obìnrin kan sọ fún un pé ọ̀run àpáàdì ni irú wọn ń lọ. Lọ́jọ́ kan, nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ẹnìkan kọlù ú láti ẹ̀yìn tòun ti èébú, Marsha sì fi ara pa lórí.

Ó lọ fẹjọ́ sun àwọn alábòójútó ilé. Wọ́n ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó tún padà wá, wọ́n pè é ní òpùrọ́. Lẹ́yìn náà ni tiwọn bẹ̀rẹ̀: wọ́n gbé ìjókòó rẹ̀ ní gbọ̀ngàn oúnjẹ lọ sí ibi tí kò dára, wọ́n ní kó má jókòó sí pálọ̀ iwájú mọ́ àfi tó bá fẹ́ bu kọfí, wọn kò bá a tún yàrá ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́gùn-ún lẹ́sẹ̀ ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ́rẹ́ lọ, alábẹ́rẹ́ sì gún un sí i. Marsha wá ń jẹun nínú yàrá, oúnjẹ gbọ̀ngàn tó ti sanwó rẹ̀ mọ́ owó ilé sì di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó kó wá síbẹ̀ kí ó má baà dá wà di ẹni tó ń há ara rẹ̀ mọ́lé.

Ilé ìtọ́jú náà kò sọ ní kóòtù pé ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin náà dára. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kọ́ ni àwọn bú u. Ayálégbé ló bú ayálégbé, kí ló kan onílé? Wọ́n tún ní òfin ìdẹ́yẹsí nínú ọ̀rọ̀ ilé parí síbi kí a má kọ̀ láti háyà ilé fún ènìyàn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti kó wọlé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kóòtù àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Chicago dá ìdájọ́ náà nù. Adájọ́ Diane Wood ló kọ èrò ilé ẹjọ́. Ẹ̀rí kò tíì débẹ̀ nígbà náà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni gbogbo ohun tí Wetzel kọ, ṣé òfin mú ilé náà? Adájọ́ ní òfin mú un. Onílé tó gbọ́ pé wọ́n ń fìtínà ayálégbé nítorí irú ẹni tó jẹ́, tó ní agbára láti dá sí i, tó wá fọwọ́ lẹ́rán, ó ti lọ́wọ́ sí i. Agbára yẹn sì wà: ìwé àdéhùn tí gbogbo ará ilé fọwọ́ sí sọ pé wọ́n lè lé ẹni tó bá ń wu ẹlòmíràn léwu.

Lójú tèmi, ohun tí adájọ́ sọ nípa onílé ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Èébú ẹnu arúgbó kan kò ṣe é fi òfin dí. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún tí iyè rẹ̀ ti ra lè sọ ohunkóhun. Ẹni tó ṣe é mú ni ẹni tó ń gba owó, tó gba ẹ̀sùn, tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lọ́wọ́.

Òfin tí Wetzel dì mú kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe nítorí irú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ sí ilé gbígbé ti 1968 ni, èyí tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, kí wọ́n má baà máa kọ̀ láti háyà ilé fún ènìyàn dúdú. Ní 1974 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ akọ àti abo kún un, kí wọ́n má baà fi ilé du obìnrin. Àwọn agbẹjọ́rò Wetzel ní tí Judith bá jẹ́ ọkùnrin, ta ni ìbá bú Marsha? Ohun tí wọ́n bú u fún ni pé òun tó fẹ́ obìnrin jẹ́ obìnrin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ìrònú kan náà lórí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Kíá ló kan àwọn àgbàlagbà: Mary Walsh àti Bev Nance, tọkọtaya obìnrin méjì tó ti ṣègbéyàwó ní Massachusetts ní 2009, ti san 2,000 dọ́là àsansílẹ̀ ní 2016 fún ibùgbé ní ilé àwọn àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ St. Louis, kí ilé náà tó fóònù wọn pé ìgbéyàwó ọkùnrin kan sí obìnrin kan nìkan làwọn mọ̀. Wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn nù ní 2019. Lẹ́yìn ìdájọ́ 2020 yẹn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí kí ọdún náà tó parí.

Irú ilé tí àgbà wà ló ń sọ òfin tí yóò dì mú. Ní Amẹ́ríkà, ilé tí nọ́ọ̀sì wà, tó ń gba owó ìjọba lábẹ́ ètò ìlera Medicare tàbí Medicaid, wà lábẹ́ òfin ọdún 1987 pẹ̀lú. Òfin yẹn fún olúkúlùkù tó ń gbébẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀ àti àṣírí, ẹ̀tọ́ láti gba àlejò tó bá wù ú, ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn láìsí ìgbẹ̀san, wọn kò sì gbọdọ̀ dédé lé e jáde. Òṣìṣẹ́ kan tún wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní ombudsman, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni láti gba ẹ̀sùn àwọn tó ń gbé irú ilé wọ̀nyí kó sì tẹ̀ lé e dópin. Ó yà mí lẹ́nu bí iye ẹbí tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe kéré tó, títí kan àwọn Yorùbá tí òbí wọn wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá ní aago méjì òru. Ara ló wà níbẹ̀.

Ilan Meyer, olùwádìí ní Amẹ́ríkà, kọ ní 2003 nípa ohun tí ìdẹ́yẹsí ń ṣe fún ẹni tó ń retí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀. Ìfura fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ara tó bá ń ṣọ́nà tọ̀sán tòru ń tú èròjà ìdààmú tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀ láìsinmi, oorun ń dínkù, ẹ̀jẹ̀ ń ru. Àgbà tó ń bẹ̀rù olùtọ́jú kò ní tẹ aago nígbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, yóò dá dìde, yóò ṣubú, itan yóò kán. Nínú fáìlì, ìṣubú ni wọ́n máa kọ. Ìbẹ̀rù kì í wọ fáìlì.

Ìwẹ̀ ni ibi tó le jù fún àwọn tránsì. Ara tí olùtọ́jú bá pàdé lábẹ́ aṣọ lè yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn sì yàn láti má wẹ̀ ju kí wọ́n pariwo lé òun lórí. Ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ abẹ tó sọ ara obìnrin tránsì dà kì í sábà yọ prostate, kókó ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, kúrò, nítorí náà ó ṣì lè yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ogbó. Bí ìtọ̀ bá há mọ́ ọn, tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀, wọ́n á máa wá ohun tí kò sọnù. Ó dára kí nọ́ọ̀sì mọ̀; kò yẹ kí gbogbo gbọ̀ngàn oúnjẹ mọ̀.

Ti HIV, kòkòrò tó ń fa AIDS, kò pẹ́ sọ. Kò sí nínú omi ìwẹ̀, kò sí nínú ṣíbí, kò sí nínú aṣọ tí ẹ ń fọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ìbọ̀wọ́ tí ẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ gbogbo ènìyàn ti tó fún un. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ méjì kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti sọ ohun kan fún un láìlanu.

Mo mọ̀ pé olùtọ́jú kan ń ka èyí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dàgbà sí ilẹ̀ tí òfin oṣù kìíní ọdún 2014 ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, ohun tí wọ́n sì wàásù fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí kò ṣòro láti mọ̀. Mi ò ní kó yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà nítorí ìwé tí mo kọ. Ohun méjì ni mo ní kó wò. Àkọ́kọ́ ni pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 2010 tó dáàbò bo arúgbó tó ń tọ́jú ka ohun mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ dẹ́yẹ sí ènìyàn, àwọ̀ ara àti ẹ̀sìn sì wà nínú mẹ́sàn-án náà. Hìjáábù olùtọ́jú àti àwòrán olólùfẹ́ arúgbó, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà. Èkejì ni ẹjọ́ Lillian Ladele, tí etí Yorùbá kò ní ṣi orúkọ ìdílé rẹ̀ gbọ́. Akọ̀wé ìgbéyàwó ni ní Islington, London. Nítorí ìgbàgbọ́ Kristẹni rẹ̀, ó ní òun kò ní bá ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì forúkọ sílẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù. Lọ́jọ́ kan náà ní oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ náà dá obìnrin mìíràn tó fẹ́ máa wọ àgbélébùú lọ́rùn síbi iṣẹ́ láre, ó sì dá Ladele lẹ́bi. Ẹ gba ohun tó bá wù yín gbọ́, ẹ fi àmì rẹ̀ kọ́rùn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún, gbogbo ẹni tó bá wá ni ẹ ó ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa èdè. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin nígbà tí a bá ń sọ pé “ó wá” tàbí “ó lọ”, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń ṣi ti Gẹ̀ẹ́sì pè, tí a ń pe ìyá ní ọkùnrin láìmọ̀. Ohun tí tiwa ń béèrè ni ọjọ́ orí: ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni mo gbọdọ̀ pe ní “ẹ”? Òfin tí ìpínlẹ̀ California ṣe ní 2017 fún àwọn tó ń gbé ilé ìtọ́jú sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa fi orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ pe àgbà léraléra. Wọ́n fa ẹ̀ka òfin yẹn ní kóòtù fún ọdún púpọ̀. Mo fẹ́ràn “mọ̀ọ́mọ̀” àti “léraléra” tó wà níbẹ̀, nítorí wọ́n ya ahọ́n tó ṣì sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnu tó ń ta àbùkù. Olùtọ́jú Yorùbá tí kò ní dán an wò láé láti pe àgbà ní “ìwọ” ti mọ ìyàtọ̀ náà kó tó wọ bàálù.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ tí àgbà bá wọlé. “Ṣé ọkọ yín ṣì wà, màmá?” Ìbéèrè yẹn ti ti ilẹ̀kùn kan kí màmá tó jókòó. “Ta ni ẹ fẹ́ ká pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Ta ni àwọn èèyàn yín?” ṣí i sílẹ̀, kò sì fipá mú un sọ ohunkóhun. Ìdáhùn náà yóò wúlò nígbà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ tuntun ni àrùn iyè ríra kọ́kọ́ ń gbé lọ. Ti àtijọ́ ló ń pẹ́ jù. Ẹ fojú inú wo bàbá kan tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀ mọ́, tó ń pe orúkọ ọkùnrin kan ní gbogbo òru. Olùtọ́jú tí kò rí nǹkan kan nínú fọ́ọ̀mù á sọ fún un pé kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níbí, kó sùn. Èyí tó rí i kà á tẹ́lẹ̀, yóò fa àga sún mọ́ ibùsùn, yóò sì bi í pé báwo ni wọ́n ṣe pàdé.